Iṣẹ́ Lọ́yà Ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta: Ìwé Wọn Dára, Ààbò Owó Ni Kò Tó

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ l'Ọbáńtokò, l'Áṣẹ́rò tàbí lójú ọ̀nà Kobapé, lọ́yà ni yóò bá a ṣe ìwé rẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, owó tí lọ́yà sábà máa ń pè wà láàárín ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦300,000 sí ₦600,000. Owó ńlá ni. A kọ àyẹ̀wò yìí fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí owó yẹn ń rà fún un gan-an: ibi tí àwọn lọ́yà ìlú yìí ti mọṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń fò ó, àti ohun tí òfin di rù wọ́n. Ìdájọ́ wa kò ṣòro láti sọ. Ìwé tí àwọn tó dáńtọ́ nínú wọn ń kọ dára, ìwádìí wọn ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn ṣeé gbọ́kàn lé bí wọ́n bá ṣe é pé, ṣùgbọ́n ààbò lórí owó oníbàárà kò sí lára ohun tí wọ́n ń tà, àfi bí ẹ bá bèèrè rẹ̀ kí ẹ sì rí i lórí ìwé.

Bí ẹ bá wọ ọ́fíìsì lọ́yà n'Ìbarà tàbí Pánṣẹ́kẹ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú iṣẹ́ tí owó náà wà fún. Àwọn kan á kọ ìwé àdéhùn nìkan, ẹ̀yin àti ẹni tó tà á á fọwọ́ sí i, ó parí. Àwọn mìíràn á ṣe ìwádìí kí wọ́n tó gbé kálàmù. Àwọn díẹ̀ á bá yín gbé e dé òpin: ìwádìí, ìwé ìgbélẹ̀fúnni tí à ń pè ní deed, owó sítáǹbù ìjọba, àṣẹ Gómìnà tàbí C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni), títí orúkọ yín yóò fi wọ inú rẹ́jísítà, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí ìjọba ń tọ́jú. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìdá mẹ́wàá kan náà ni wọ́n lè gbà fún ti àkọ́kọ́ àti fún ti ìkẹyìn, oníbàárà á wá máa retí C of O lọ́dọ̀ ẹni tí kò ṣèlérí ju ìwé àdéhùn lọ. Owó tí ìjọba ń gbà, ọ̀tọ̀ ni, kì í sí nínú owó lọ́yà. Ìlànà owó iṣẹ́ lọ́yà ti ọdún 2023 ló rọ́pò ti 1991 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń tọ́ka sí. Bí lọ́yà bá ní òfin ló sọ iye tí òun pè, ẹ ní kó fi ibi tí ó wà nínú ìlànà tuntun hàn yín.

Abala 22 òfin tó ń darí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, Legal Practitioners Act, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láti gba owó kọ ìwé tó jẹ mọ́ ilẹ̀ tàbí ilé. Àgíríméǹtì tí wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ inú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, tí ẹ̀jẹ́ńtì sì ń sọ pé "lọ́yà wa ló ṣe é", kì í ṣe ẹ̀dínwó rárá. Àṣìṣe inú rẹ̀ kì í yí padà: ìtàn ìdílé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ ẹlòmíràn ṣì wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìwé sáfè kò bá ilẹ̀ mu, ìwọ̀n ilẹ̀ sì jẹ́ "plọ́ọ̀tì kan" láìsí mítà. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, kò sí lọ́yà tí ẹ lè bi léèrè, nítorí kò sí èyí tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka ohunkóhun nínú ìwé tí wọ́n bá gbé fún yín, ẹ ṣí i sí ojú ewé ìkẹyìn. Orúkọ lọ́yà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọ́fíìsì nìkan, pẹ̀lú àdírẹ́sì, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà. Òǹtẹ̀ náà kéré, lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Orúkọ lọ́yà wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi kọ ọ́ sínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SCN, ọjọ́ tí òǹtẹ̀ yóò kú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ọjọ́ yẹn wé ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni gbèdéke tí lọ́yà ní láti san owó iṣẹ́ ọdọọdún rẹ̀, ẹni tí kò bá sì san án kò lè gba òǹtẹ̀ tuntun. Òǹtẹ̀ tó ti kú lórí ìwé tí wọ́n kọ lánàá jẹ́ àmì pé lọ́yà náà kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, tàbí pé òǹtẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ń lò. Àìsí òǹtẹ̀ nìkan kò sọ ìwé di asán. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní 2015, nínú ẹjọ́ Yaki àti Bagudu, pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba ₦600,000 lọ́wọ́ yín kò yẹ kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe. Ẹ̀ka NBA wà ní Abẹ́òkúta, ẹ lè fi orúkọ àti nọ́ńbà SCN bi wọ́n léèrè bóyá ẹni náà wà nínú ìwé wọn.

Ìwádìí ni apá tó yẹ kí ẹ san owó fún jù lọ, òun náà ni wọ́n máa ń gé kúrú jù. Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í dúró sí ibì kan. Á wo fáìlì ilẹ̀ náà ní rẹ́jísítà, kó mọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, bóyá báńkì ti gbẹ́sẹ̀ lé e fún ẹ̀yáwó, tàbí ẹnì kan ti fi ìkìlọ̀ sí i. Á bèèrè ní kóòtù bóyá ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún. Bí ẹni tó ń tà á bá ní bàbá òun ló fi sílẹ̀, á lọ wo ìwé ogún ní ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní kóòtù gíga. Bí iléeṣẹ́ bá ni, á wo orúkọ àwọn olùdarí rẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kó mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí ìwé.

Ti sáfè ni kí ẹ farabalẹ̀ sí jù. Ó yẹ kí sáfíyọ̀ tí SURCON, àjọ tó ń darí iṣẹ́ sáfíyọ̀, mọ̀, tí kì í ṣe sáfíyọ̀ onílẹ̀, lọ sórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kó fi ẹ̀rọ mú kọ́ọ́dínéètì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà, kó sì gbé àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General láti wò wọ́n lórí máàpù ìjọba. Ohun tí àwọn tó ń kánjú máa ń ṣe yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n á mú ẹ̀dà ìwé sáfè tí onílẹ̀ gbé fún wọn, wọ́n á fi nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣe ìwádìí, èsì á jáde pé ilẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tó wà nínú ìwé mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n mú yín lọ wò wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sí i, nínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ìwé rẹ pé, ilẹ̀ rẹ kò sí. Nítorí èyí ni ẹ ṣe gbọ́dọ̀ ka èsì ìwádìí fúnra yín. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kọ́ọ́dínéètì tí wọ́n wò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì bá èyí tí sáfíyọ̀ yín mú wá láti orí ilẹ̀ mu. Lọ́yà tó bá ní "a ti wò ó, kò séwu", tí kò fún yín ní bébà kankan, kò tíì ṣe ìwádìí tí ẹ lè fi bi í léèrè lọ́la.

C of O pàápàá kò fòpin sí ìbéèrè. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni ní 1990 pé bí ẹni tí wọ́n fún ní C of O kò bá ní ilẹ̀ náà láti ìpìlẹ̀, ìwé náà kò lè fún un ní ohun tí kò ní. Lọ́yà tó bá rí C of O tó sì pa ìwádìí tì ti jẹ yín níyà.

Ọ̀rọ̀ "plọ́ọ̀tì" náà ń kó báni. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 669 níbùú lóròó. Ti ẹsẹ̀ 50 ní 100 kò ju nǹkan bíi 465 lọ. Èyí tí wọ́n wọ̀n ní mítà 18 ní 36 jẹ́ 648. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń pè ní plọ́ọ̀tì kan. Ìwé tó dára máa ń kọ iye mítà, nọ́ńbà ìwé sáfè, orúkọ sáfíyọ̀, ọjọ́ tó fọwọ́ sí i àti nọ́ńbà àwọn òpó igun, kó má baà sí ìjiyàn lọ́jọ́ tí aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri.

Níbi ilẹ̀ ẹbí, àwọn lọ́yà Abẹ́òkúta tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, a sì fún wọn ní oríyìn níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àti pé àwọn àgbà ẹbí láti ojúlé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá a fọwọ́ sí i. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti 1959 ni wọ́n ń tẹ̀ lé: bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, asán ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà, àwọn yòókù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Àwọn tó mọṣẹ́ jù á tún kọ gbólóhùn kan sínú ìwé pé ẹbí kò ní bèèrè owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kì tàbí owó òrùlé mọ́ lẹ́yìn èyí. Gbólóhùn yẹn wúlò gan-an, nítorí ó mú kí òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2016 lórí àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀ rọrùn láti lò bí wọ́n bá tún padà wá pẹ̀lú jàǹdùkú.

Bí bàbá àgbà tó ń tà á kò bá lè kàwé, ó yẹ kí ìwé ní ìpínrọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ tó sọ pé wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá, pé ó yé e dáadáa kó tó tẹ̀ka, pẹ̀lú orúkọ àti ìbuwọ́lù ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ń bá bàbá ná owó ilẹ̀ jẹ́ ògbufọ̀. Ìpínrọ̀ kékeré yìí ni ẹbí máa ń dì mú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé bàbá àwọn rò pé ìwé àyálégbé ni òun ń tẹ̀ka sí.

Lọ́yà kan ṣoṣo fún ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà: a kò fara mọ́ ọn. Ìlànà ìwà iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, tí tuntun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024, kò fẹ́ kí lọ́yà wà níbi tí àǹfààní oníbàárà kan ti ń ta ko ti èkejì. Lọ́yà onílẹ̀ ń wá bí ilẹ̀ yóò ṣe tà. Kò sí bó ṣe fẹ́ fi gbogbo ara wá àléébù tí yóò ba ọjà náà jẹ́. Bí ẹ̀jẹ́ńtì bá ní "lọ́yà ẹbí ni gbogbo èèyàn ń lò níbí", ẹ san owó tirẹ̀ bó bá di dandan, ṣùgbọ́n ẹ ní ti yín.

Owó wá kù. Owó tí ẹ fi sọ́wọ́ lọ́yà pé kó bá yín san fún onílẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Láti 1964 ni Legal Practitioners' Account Rules ti wà, ó sì pàṣẹ pé kí owó oníbàárà wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní báńkì, kó má dà pọ̀ mọ́ ti lọ́yà, kí àkọsílẹ̀ sì wà fún bó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde. Ní ojú ayé, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà àkáǹtì tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp jẹ́ ti lọ́yà fúnra rẹ̀, àkáǹtì kan náà tó fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ẹ má sanwó sínú rẹ̀. Orúkọ tó yẹ kí báńkì gbé jáde kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ni orúkọ ọ́fíìsì, tí ọ̀rọ̀ "Client Account" tẹ̀ lé e. Owó iṣẹ́ lọ́yà fúnra rẹ̀ ni ẹ ó san sí àkáǹtì ọ́fíìsì, rìsíìtì ọ̀tọ̀ sì ni fún un. Bí lọ́yà bá ń bi yín ní ìwé ìdánimọ̀ àti ibi tí owó ti wá, kì í ṣe àyọjúràn. Òfin 2022 tó dènà fífi owó èérí ṣòwò kan iṣẹ́ lọ́yà náà, òun náà ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni má san ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ní kéèṣì, àti kí iléeṣẹ́ má ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Onílẹ̀ tó bá ní kí ẹ gbé mílíọ̀nù mẹ́fà wá nínú àpò ń fa yín wọ inú ẹ̀ṣẹ̀, lọ́yà tó bá sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń kà á kò yẹ lẹ́ni tí ẹ fọkàn tán.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti mẹ́hẹ jù ni ìnṣọ́ránsì, a ó sì dúró síbẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń ra ilẹ̀ kò mọ̀ pé ìbéèrè wà láti bi.

Òfin fún yín ní ẹ̀tọ́ kan tó lágbára. Abala 9 Legal Practitioners Act sọ pé lọ́yà kò ní àjẹsára lórí òfò tí àìfarabalẹ̀ rẹ̀ fà fún oníbàárà, bó bá sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun kò ní jẹ̀bi, asán ni gbólóhùn náà. Ọ̀nà àbájáde kan ló wà nínú rẹ̀: bí ó bá ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá, tí kò gba owó iṣẹ́ tàbí owó ìnáwó kankan, ó lè fi àdéhùn yọ ara rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún "ẹbí ni wá, ẹ má ṣèyọnu". Ẹ sanwó fún àbúrò yín tó jẹ́ lọ́yà, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹ̀tọ́ láti pe lọ́yà lẹ́jọ́ dára, àmọ́ níbo ni owó yóò ti wá? Lọ́yà kan tó ní yàrá méjì ní òkè ilé ìtajà kò lè mú mílíọ̀nù mẹ́fà náírà jáde nítorí pé kóòtù ní kó mú un wá. Iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń pè ní professional indemnity. Kò sí lára ohun tí lọ́yà ń gbé kalẹ̀ kó tó gba òǹtẹ̀ NBA. Òǹtẹ̀ ń sọ fún yín pé lọ́yà ni. Kò sọ fún yín pé owó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń ka gbólóhùn "indemnity" tó wà nínú deed sí ìnṣọ́ránsì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlérí ẹni tó ta ilẹ̀ ni, pé bí ẹnikẹ́ni bá gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ yín, òun yóò san owó yín padà. Agbára rẹ̀ kò ju àpò onílẹ̀ lọ, ẹbí tó ti pín owó láàárín ojúlé méje kì í tún un kó jọ.

Bí lọ́yà bá ní òun ní ìnṣọ́ránsì, ẹ ní kó mú ojú ewé tí wọ́n kọ àlàyé rẹ̀ sí wá, èyí tí wọ́n ń pè ní schedule, kí ẹ kà á níwájú rẹ̀. Orúkọ ẹni tí wọ́n dá ààbò bò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí orúkọ lọ́yà àgbà ló wà níbẹ̀, tí ọ́fíìsì tó kọ ìwé yín sì ní orúkọ mìíràn ní CAC, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní ẹnu láti fi kọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tí wọ́n lè san, kí ẹ sì wo bóyá ti ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ni tàbí ti gbogbo ọdún pọ̀. Ìyàtọ̀ náà tóbi. Ká ní ₦10,000,000 ni fún gbogbo ọdún, tí oníbàárà méjì sì pàdánù mílíọ̀nù mẹ́jọ mẹ́jọ lọ́dún kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ń gba mílíọ̀nù mẹ́jọ, ẹnì kejì á bá mílíọ̀nù méjì. Iye kan tún wà tí lọ́yà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san nínú ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Bí ìyẹn bá jẹ́ ₦1,000,000, ẹni tí kò ní mílíọ̀nù kan lọ́wọ́ yóò dá yín dúró pẹ́.

Ọjọ́ ló ń da ènìyàn rú jù. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ń wo ọjọ́ tí ọkọ̀ kọlu nǹkan. Irú èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Pólísì, ìyẹn ìwé àdéhùn ìnṣọ́ránsì, tó bá wà lójú ayé lọ́jọ́ tí ẹ fi ẹ̀sùn kan lọ́yà ni yóò dáhùn, kì í ṣe èyí tó wà lọ́jọ́ tí ó ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2024 lè má hàn títí 2029, nígbà tí ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an bá dé pẹ̀lú kátapílà. Bí lọ́yà kò bá sanwó pólísì mọ́ ní 2027, tàbí tó kú, tàbí tó ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa, ìwé 2024 tí ẹ fi pamọ́ kò wúlò. Ẹ wo ọjọ́ kan pẹ̀lú tí wọ́n ń pè ní retroactive date: àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn kò sí nínú ààbò, bó ti wù kí pólísì náà jẹ́ tuntun tó. Lọ́yà tó ń yí láti iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan sí òmíràn lọ́dọọdún nítorí owó pọ́ọ́kú lè pàdánù ọjọ́ àtijọ́ rẹ̀ láìfura.

Pólísì tí owó rẹ̀ kò tíì wọlé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òfin ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà ló fi èyí lélẹ̀. Nítorí náà, rìsíìtì owó pólísì ṣe pàtàkì tó pólísì fúnra rẹ̀. Ẹ wo orúkọ iléeṣẹ́ náà pẹ̀lú nínú àwọn tí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń darí iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, fún ní láìsẹ́ńsì.

Ohun tí ìnṣọ́ránsì yìí kò ní san fún, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kedere. Bí lọ́yà fúnra rẹ̀ bá jí owó yín ná, pólísì àṣìṣe kò dá ààbò bo olè tó ni ín. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá gbé e, ìnṣọ́ránsì mìíràn tí wọ́n ń pè ní fidelity guarantee ló wà fún ìyẹn. Àṣìṣe sáfíyọ̀ wà lọ́rùn sáfíyọ̀, ti ẹ̀jẹ́ńtì wà lọ́rùn ẹ̀jẹ́ńtì. Kò sì fi dá yín lójú pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹni tó tà á. Àìfarabalẹ̀ lọ́yà nìkan ló ń wò. Lọ́yà tó ṣe gbogbo ìwádìí tó yẹ, tí irọ́ onílẹ̀ sì borí rẹ̀, kò jẹ yín ní gbèsè. Ìdí mìíràn nìyẹn tí àkáǹtì oníbàárà fi ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ti ń rò lọ: kò sí pólísì tó dípò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ kọ lẹ́tà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé kí lọ́yà fi tó iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ létí. Bó bá pẹ́ kó tó sọ fún wọn, wọ́n lè fi ìyẹn kọ̀ láti sanwó. Ẹ má bínú bó bá dákẹ́ lórí bóyá òun jẹ̀bi. Pólísì irú èyí sábà máa ń kà á léèwọ̀ fún un láti gba ẹ̀bi láìgba àṣẹ iléeṣẹ́ náà.

Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ wá kọ́lé, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí wọ́n mọ ètò mìíràn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà òfin 1985 kan ni iṣẹ́ licensed conveyancer ti wà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ìwé ilé àti ilẹ̀, tí àjọ kan tó ń jẹ́ Council for Licensed Conveyancers ń darí. Ìnṣọ́ránsì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, ààbò náà ń bá a lọ fún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí ọ́fíìsì bá kógbá sílé, àpò owó kan tún wà fún oníbàárà tí wọ́n bá jí owó rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀ kò sí ní Nàìjíríà. Lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ láàárọ̀ náà ló ń kọ ìwé ilẹ̀ lọ́sàn-án. Òǹtẹ̀ NBA kò sì ṣí irú àpò owó bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi ọkàn Ìlú Ọba fi owó ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta ń ra ohun tí wọn kò tà fún un.

Bí lọ́yà bá hu ìwà tí kò yẹ, bíi pé ó ná owó yín tàbí ó kọ̀ láti kó ìwé yín sílẹ̀, ẹ lè kọ ẹ̀sùn sí alága ẹ̀ka NBA ní Abẹ́òkúta, kí ẹ bura sí i, kí ẹ sì so ẹ̀rí mọ́ ọn: rìsíìtì, àkọsílẹ̀ báńkì, ọ̀rọ̀ WhatsApp. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀sùn ní ìdí, ó ń lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn agbẹjọ́rò wí, LPDC. Ìgbìmọ̀ yẹn lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, lè dá a dúró fún ìgbà kan, tàbí kó bá a wí, ó sì lè pàṣẹ kí ó dá owó àti ìwé yín padà. Ti owó gbà-má-bìínú fún àìfarabalẹ̀, kóòtù ni. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́, nítorí ẹjọ́ àdéhùn àti àìfarabalẹ̀ ní gbèdéke ọdún mẹ́fà.

Bí a bá fún iṣẹ́ yìí ní máàkì nínú márùn-ún, a ó fún kíkọ ìwé ní mẹ́rin, a ó fún ìwádìí ní mẹ́ta níbi tí sáfíyọ̀ bá ti lọ sórí ilẹ̀ àti ọ̀kan níbi tí kò bá ti lọ. Ìtọ́jú owó oníbàárà gba méjì, ìnṣọ́ránsì gba ọ̀kan. Owó tí wọ́n ń gbà tọ́ sí iṣẹ́ tó dé rẹ́jísítà. Kò tọ́ sí ìwé àdéhùn nìkan.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí lọ́yà fi lẹ́tà gba iṣẹ́ náà, kó sì fọwọ́ sí i pé: òun yóò ṣe ìwádìí ní rẹ́jísítà, ní ọ́fíìsì Surveyor-General àti ní kóòtù, òun yóò fún yín ní èsì lórí ìwé, owó ilẹ̀ yóò wà nínú àkáǹtì oníbàárà, kò ní jáde àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí ẹ ti rí èsì, òun kò ṣiṣẹ́ fún onílẹ̀, àti pé òun ní ìnṣọ́ránsì tí iye rẹ̀ kò kéré sí owó ilẹ̀ náà, òun yóò sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Ọ́fíìsì tí kò ní ìnṣọ́ránsì lè gbà á fún iṣẹ́ yín, kí ẹ jọ sọ ẹni tí yóò san owó pólísì nígbà tí ẹ bá ń dúnàá-dúrà lórí owó iṣẹ́. Àṣẹ Gómìnà lè gba àkókò ju ọdún kan tí pólísì ní lọ, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà tuntun pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀ nígbà tó bá ku oṣù kan.